Ẹ̀fọn Wo Ló Ń Jẹni Nínú Ọyẹ́?

Gbogbo ẹni tó wá kí wa lẹ́yìn ikú àbúrò mi ló ń sọ gbólóhùn kan náà: pé ọ̀nà burú, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Mo ń ṣe àmín, nítorí a kì í bá ẹni tó wá kíni kú ọ̀fọ̀ jiyàn. Ṣùgbọ́n àdúrà náà kò kan ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀nà ṣe àbúrò mi léṣe, òtítọ́ ni. Ọ̀nà kọ́ ló pa á. Ohun tó pa á bá a lórí ibùsùn, nínú ilé tí a gbé e lọ pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, lẹ́yìn tó ti lajú, tó ti sọ̀rọ̀, tó ti fi èmi gan-an ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ kí ayé gbọ́ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Kì í ṣe ìbẹ̀rù ló fà á. Bí mo bá dárúkọ ọ̀kan, àwọn yòókù yóò mí kanlẹ̀, wọn yóò sì rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn.

Jos ni wọ́n bí wa sí, Jos náà ni wọ́n bí bàbá wa sí. Bàbá bàbá wa ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ gòkè wá síbí, tó ń ta aṣọ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwakùsà, tí kò sì padà sílé mọ́ àfi bí ọdún bá dé. Èmi ni àkọ́bí. Ìwé ni mo tẹ̀lé títí mo fi di olùkọ́ ní yunifásítì, ní Bauchi Road. Àbúrò mi kórìíra ìwé láti kékeré. Iná ọkọ̀ ló fẹ́ràn. Rewáyà ni, ìyẹn àwọn tó ń tún waya ọkọ̀ ṣe. Du ló ń gbé, ibẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kábéèjì kan tí olóko rẹ̀ máa ń bú u nítorí ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀ sórí ewébẹ̀. Haúsá rẹ̀ dán ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Bí ó bá ń bínú, Haúsá ni. Bí ó bá ń nájà, Haúsá ni. Bí ó bá ń lálàá, mo rò pé Haúsá náà ni. Yorùbá ni ó fi ń kí ìyá wa. Kò sí ọjọ́ kan tó fi èdè mìíràn kí i.

Ọyẹ́ ti mú lọ́dún náà. Ẹni tó bá mọ Jos mọ ohun tí mò ń sọ. Eruku a máa bo òkè lówùúrọ̀ débi pé iná ọkọ̀ kì í hàn títí yóò fi dé iwájú ẹni, òtútù a sì máa la ètè. Nínú irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi gun alùpùpù rẹ̀ kúrò ní Du, ó ń lọ ra waya nígboro. Típà akóyanrìn kan yọ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kò tan iná, ó sì gbá a. Àwọn àgbẹ̀ tó ń bomi rin oko wọn ló sáré gbé e dìde. Nígbà tí èmi àti ìyá wa fi máa dé ilé ìwòsàn, kò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ kan ti wú pa, ẹ̀jẹ̀ sì ń ti etí rẹ̀ jáde.

Oníṣẹ́ abẹ tó tọ́jú rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè. Òun nìkan ló mọ iṣẹ́ abẹ orí ní ilé ìwòsàn náà. Mo fẹ́ kí ó yé òǹkàwé pé n kò ní ohun búburú kankan láti sọ nípa rẹ̀. Ó lu ihò sí agbárí àbúrò mi, ó fa ẹ̀jẹ̀ tó ti dì síbẹ̀ kúrò, ó sì ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ inú ọpọlọ. Lẹ́yìn náà ó pe èmi àti ìyá wa sí kọ̀rọ̀, ó jókòó tì wá, ó sì ṣàlàyé. Ó ní omi kan wà tí ọpọlọ ń ṣe fúnra rẹ̀, omi tó mọ́ gaara, tó ń yí ọpọlọ ká, tó sì ní ọ̀nà tí ó ń gbà ṣàn lọ. Ẹ̀jẹ̀ ti dí ọ̀nà náà. Bí omi bá ń pọ̀ sí i tí kò ríbi gbà, egungun orí kò lè fẹ̀. Ọpọlọ ni yóò máa fún pọ̀. Rọ́bà yìí ni yóò máa gbé omi náà jáde sínú àpò tí wọ́n so kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, títí ọ̀nà rẹ̀ yóò fi là padà.

Òyìnbó ló ń sọ, èmi ni mò ń túmọ̀. Ìyá wa ní kí n bi í bóyá rọ́bà náà fúnra rẹ̀ kò lè pa á lára. Dókítà náà wo ìyá wa, kì í ṣe èmi, ó wá dáhùn báyìí:

“Màmá, ọ̀nà tí omi ń gbà jáde ni kòkòrò lè gbà wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí i láìnídìí. Kò sì gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, a ó yọ ọ́.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá wa ń tún un sọ lẹ́yìn mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ọmọ iléèwé tó ń há orin sórí: ọ̀nà tí omi ń gbà jáde ni kòkòrò lè gbà wọlé.

Kò pẹ́ tí àbúrò mi fi lajú. Ó kọ́kọ́ wo àjà, ó wo ìyá wa, ó kí i, ó ní “Ẹ kú àárọ̀, Màmá,” bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ti ń wọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ sórí, ìyá wa sì mú ọwọ́ náà kúrò níbẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá,” ó ní, “ta ló so waya mọ́ mi lórí?”

Mo ní dókítà ni.

Ó ní, “Èmi tí mò ń so waya mọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ẹ sọ fún un kó fi téèpù dì í dáadáa o. Tí ojú waya bá wà níhòòhò, mọ́tò á jó.”

Ìyá wa rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìjàǹbá náà. Ó ní, “Gbogbo ara ẹ ló fara pa, ẹnu ẹ nìkan ni típà ò rí.”

“Allah ya tsare,” ni èsì rẹ̀, pé Ọlọ́run ló pa á mọ́, ó sì tún sùn lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ẹ̀rín yẹn. Ẹni tí ọ̀nà ti pa kì í dápàárá lórí ibùsùn. Ó ń jẹun. Ó ń bèèrè ẹni tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ náà yẹ̀ ẹ́ wò, inú rẹ̀ dùn, ó ní omi tó ń jáde ti ń dínkù, òun yóò yọ rọ́bà náà láìpẹ́. Lẹ́yìn èyí ló rìnrìn àjò lọ sí ìpàdé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú mìíràn. N kò bá a wí. Ẹnì kan kò lè dúró nínú wọ́ọ̀dù bí òpó ilé. Ohun tí mò ń bèèrè ni ìdí tí ìmọ̀ fi bá ẹnì kan ṣoṣo wọ ọkọ̀ lọ, tí kò fi sí ẹni tó kù lẹ́yìn rẹ̀ tó mọ̀ pé rọ́bà orí yàtọ̀ sí rọ́bà ìtọ̀.

Nítorí mo rí ohun tí mo rí. Ẹ̀rọ omi wọ́ọ̀dù náà kò mú omi jáde ní gbogbo ìgbà tí a fi wà níbẹ̀. Mai ruwa, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ti omi nínú kẹ́ẹ̀gì kiri, ló ń gbé omi wá fún wọn, kò sì sí ẹni tó lè sọ inú kànga wo ni wọ́n ti pọn ọ́n. Wọ́n ń bu omi náà sínú abọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà. Nínú abọ́ yẹn ni gbogbo ọwọ́ ń wọ̀, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ nọ́ọ̀sì, ọwọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀, ọwọ́ àwọn tó wá wo ènìyàn wọn. Nọ́ọ̀sì a máa wọ ìbọ̀wọ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ kan náà ni yóò fi tọ́jú ojú ọgbẹ́ ẹnì kan, tí yóò fi gbé ìgbẹ́ ẹlòmíràn, tí yóò sì fi fọwọ́ kan orí àbúrò mi. Ara nọ́ọ̀sì ni ìbọ̀wọ́ náà ń dáàbò bò. Àwa kò sí nínú ìṣirò.

Àpò tó bá rọ́bà náà wá láti yàrá iṣẹ́ abẹ, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún omi orí, kún. Wọ́n ní irú rẹ̀ ti tán níbi ìkẹ́rùsí. Nọ́ọ̀sì kan wá, ó fa rọ́bà yọ lẹ́nu àpò náà, ó sì fi àpò ìtọ̀ rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn náà kún, wọ́n ní kò sí òmíràn. Ó tún yọ ọ́. Ó da omi inú rẹ̀ sínú ike tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ àwọn aláìsàn tó kù, ó bu omi inú abọ́ ẹnu ọ̀nà, ó fi ṣan inú àpò náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì tún un kì bọ ẹnu rọ́bà. Ó fi píláṣítà yí i ká. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń ṣe èyí, rọ́bà tí orí rẹ̀ kejì wà nínú ọpọlọ ènìyàn la ẹnu sílẹ̀ gbayawu lórí aṣọ ibùsùn.

Àbúrò mi ń wò ó. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ojú waya ti wà níhòòhò o.” Kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò rẹ́rìn-ín.

Mo bá nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù náà sọ ọ́. Obìnrin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni, kò sì ní ìwà ìkà. Ó fi ọwọ́ yí gbogbo wọ́ọ̀dù ká, ó ní kí n ka ibùsùn, kí n sì ka nọ́ọ̀sì. Ó ní òun ti bèèrè àpò, òun ti bèèrè omi, ó ti sú òun láti máa bèèrè. Ó wá fi ọ̀rọ̀ tí gbogbo Jos fi ń pa ẹjọ́ tì parí tirẹ̀: “Sai haƙuri.” Àfi sùúrù. Mo sọ fún un pé sùúrù kì í pa kòkòrò. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn nọ́ọ̀sì ti fún mi lórúkọ, Malam Bincike, Alàgbà Olùṣèwádìí. Bí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan á kọjú sí èkejì, á ní kí ó tún ìlà ibùsùn tò, Malam Bincike ti dé. Wọn yóò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ìbá rẹ́rìn-ín, bí kì í bá ṣe ti abọ́ omi náà.

Láìpẹ́, ara àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyá wa ní òtútù ni, ó gbé ìborùn tirẹ̀ kún bùláńkẹ́ẹ̀tì. Kò burú bí ó ṣe rò ó. Nínú ọyẹ́ Jos, ta ni ara rẹ̀ kì í gbọ̀n? Ṣùgbọ́n nígbà tó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná.

Ohun tó tẹ̀lé e yìí, n kò sí níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń ṣe ìdánwò lọ́jọ́ náà. Ìyá wa ló sọ ọ́ fún mi, mo sì tún bi àwọn dókítà méjèèjì tọ́rọ̀ kàn, kò sí èyí tó jiyàn. Dókítà kékeré kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òwúrọ̀. Ọmọ Èkìtì ni, Yorùbá rẹ̀ sì jinlẹ̀. Inú ìyá wa dùn láti rí i. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ìwòsàn náà kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí òun. Dókítà náà fọwọ́ kan àbúrò mi, ó wò ó lójú, ó wá fi Yorùbá tó dùn létí sọ fún ìyá wa pé, “Màmá, ó níbà díẹ̀. A máa yẹ̀ ẹ́ wò.”

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ohun tí dókítà náà ní lọ́kàn ni ara gbígbóná, èyí tí ó lè ti ibikíbi wá, tí ó sì yẹ kí wọ́n wá orísun rẹ̀. Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan fún un, dókítà náà sì wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó sún mọ́ ọn jù lọ, ó rí ibà. Ní ti ìwé, kò ṣì í. Ṣùgbọ́n ní ilé wa, ní ilé gbogbo ẹni tí mo mọ̀, ìyá kan ṣoṣo ló bí ibà, ẹ̀fọn sì ni. Ìyá wa gbọ́ ibà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ti tọ́jú ibà lára àwa ọmọ rẹ̀, ó ti tọ́jú rẹ̀ lára ọmọ ọmọ. Ibà kì í ṣe àlejò.

Dókítà ọmọ Èkìtì náà parí iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Kò dúró de ẹni tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó gba iṣẹ́ náà jẹ́ ọmọ ìlú yìí, kò gbọ́ Yorùbá. Ó dé ibùsùn àbúrò mi, ó rí i pé ó ń gbọ̀n, ó sì fi Haúsá bi ìyá wa pé kí ni wọ́n sọ pé ó ń ṣe é. Ìyá wa ti tajà láàárín àwọn ará Jos láti ìgbà ọmọge. Haúsá rẹ̀ já gaara. Kò dá a lóhùn pé zazzaɓi lásán, tó jẹ́ ara gbígbóná. Ó ṣàlàyé rẹ̀ délẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òun ṣe gbọ́ ọ: zazzaɓin cizon sauro, ibà tí ẹ̀fọn ń kó síni lára. Dókítà náà mi orí, ó ní kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ibà, ó sì kọjá sí ibùsùn tó kàn.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ tó kúrò lẹ́nu dókítà kan bí ara gbígbóná ṣe wọ etí dókítà kejì bí ẹ̀fọn. Èdè mẹ́ta ni ó là kọjá, èjìká ìyá aláìsàn ni wọ́n sì fi ṣe afárá. N kò bínú sí ìyá mi. Dókítà ló yẹ kó sọ̀rọ̀ fún dókítà. Ta ló fi obìnrin tó ń ta aṣọ ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn méjì tó kàwé ìṣègùn?

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé. Mo bá abẹ́rẹ́ ibà, mo bi nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ pé ẹ̀fọn wo ló ń jẹni ní Jos nínú ọyẹ́. Ó ní, “Malam Bincike, ẹ̀yin náà ti wá di dókítà?” Àwọn tó wà ní tòsí rẹ́rìn-ín. Mo mú un ní ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́, mo fà á dé ibi àpò náà. Omi tó ń jáde ní àkọ́kọ́ mọ́ gaara bí èyí tó ń sun lára àpáta. Èyí tí mo fi hàn án ti dà bí omidùn, omi orí ògì. Ẹ̀rín rẹ̀ dúró. Ó wò ó, ó wo mí, ó ní òun yóò sọ fún dókítà. Bóyá ó sọ ọ́, n kò mọ̀. Abẹ́rẹ́ ibà náà ni wọ́n ń gún un lọ.

Mo bèèrè nọ́ńbà tẹlifóònù oníṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n ní àwọn kì í fún ará ilé aláìsàn ní nọ́ńbà ọ̀gá. Mo ní kí àwọn fúnra wọn pè é. Wọ́n ní dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló láṣẹ láti pè é. Mo wá dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní èèyàn kì í yọ ọ̀gá lẹ́nu nítorí ibà. Ó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó tún bá mi ṣílẹ̀kùn.

Àbúrò mi kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ṣí aṣọ fèrèsé, yóò yí ojú kúrò, ọrùn rẹ̀ kò sì yí dáadáa. Ó le gbagidi bí ẹni pé wọ́n fi igi dè é. Ó ń sọ̀rọ̀ waya àti bátìrì fún àwọn oníbàárà tí kò sí níbẹ̀. Ìyá wa ní ibà ló ń mú un sọ ìsọkúsọ, pé bí òógùn bá ti bò ó, yóò balẹ̀. Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ìyá wa tẹ̀ bá a, ó sì kí i bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, “Ọkọ mi, ṣé o jí ire?”

Àbúrò mi wò ó pẹ́. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ dá a lóhùn bí ènìyàn ṣe ń dá ìyá ẹlòmíràn lóhùn lójà: “Ina kwana, Hajiya.”

Ìyá wa kì í ṣe Hajiya. Ó nà ró, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo bá a níbẹ̀, ó ní, “Kì í ṣe ibà.”

Oníṣẹ́ abẹ náà dé lọ́jọ́ kejì, tòun ti eruku ìrìnàjò lára bàtà rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà síbi àpò náà, ó gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé là á kọjá, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó fi ìka tọ́ka sí píláṣítà tí wọ́n fi so ó. Ó bèèrè ẹni tó ṣe é. Ó bèèrè ẹni tó ní kí wọ́n máa gún un ní abẹ́rẹ́ ibà. Ó fa díẹ̀ nínú omi náà, ó ní kí wọ́n sáré gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ó yọ rọ́bà náà, ó sì kọ oògùn mìíràn, èyí tó lágbára, tó ń gbógun ti kòkòrò inú ọpọlọ. Nígbà tí ó ń fọ ọwọ́, omi inú ìgò mímu tirẹ̀ ló fi fọ̀ ọ́. Kò yà sí abọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ó bá mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, pé ọgbẹ́ tí típà dá sí i lórí ti ń san. Ó ní inú rọ́bà ni kòkòrò gbà wọlé, pé ìwọ̀nba tó kù fún òun ni òun ń ṣe yìí. Mo bi í pé bí wọ́n bá ti pè é ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ kọ́kọ́ gbóná ńkọ́? Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Ǹ bá ti yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.”

Ọ̀sán ni àbúrò mi kú, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ọ̀nà gba inú eruku kọjá.

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí n jókòó, ó ní kí wọ́n gbé omi inú ìgò wá fún mi. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ti sọ níhìn-ín. Ó gbọ́ mi títí dé òpin, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan dáhùn: pé kí ni mo rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí típà gbá lórí? Ìwé tí wọ́n fún wa sọ bákan náà, pé ìjàǹbá ọkọ̀ ni. Mo sọ fún un pé kí típà jẹ́ ẹjọ́ tirẹ̀, kí àwọn náà sì jẹ́ tiwọn. Ó dìde. Ó ní òun bá wa kẹ́dùn. Ó ní, “Prof, sai haƙuri.”

Èyí gan-an ló mú mi kọ̀wé. Bí gbogbo ẹni tí rọ́bà orí pa bá ń wọ inú ìwé bí ẹni tí ọ̀nà pa, a ó máa bú ọ̀nà títí ayé, abọ́ omi yóò sì máa wà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. N kò bèèrè ohun tó ju agbára ènìyàn lọ. Ẹni tó lè lu ihò sí orí ènìyàn, tó sì mú un yè, yẹ kó ní omi tó mọ́ láti fọ ọwọ́, àti àpò tí wọ́n kò fọ̀ rí. Bí ara ẹni tí rọ́bà wà lórí rẹ̀ bá gbóná, rọ́bà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí kí wọ́n tó wá ẹ̀fọn lọ. Kí dókítà tó ń lọ sì dúró de èyí tó ń bọ̀, kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Nígbà tí àlejò ti dínkù nílé, ìyá wa pè mí wọ yàrá. Ó ti ń ro ọ̀rọ̀ kan. Mo rí i lójú rẹ̀.

“Ìwọ lo kàwé,” ó ní. “Gbogbo wọn ní ọ̀nà ni. Kí ló pa àbúrò rẹ?”

Mo wá ọ̀rọ̀. Ibà ti bàjẹ́ mọ́ wa lẹ́nu. Bí mo bá ní kòkòrò, èyí tó ń jẹ ẹ̀wà ni yóò wá sí i lọ́kàn. Àrùn sì jẹ́ orúkọ tí ènìyàn ń sọ nígbà tí kò bá fẹ́ sọ nǹkan kan. Mo ní, “Ìdọ̀tí ni, Màmá.”

Ojú rẹ̀ yí padà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí mo sọ. Ní èdè wa, ẹni tí ìdọ̀tí pa ni onídọ̀tí.

“Ọmọ mi kì í ṣe onídọ̀tí,” ó ní. “Tó bá ń bọ̀ wá kí mi, kì í sí epo mọ́tò léèékánná ẹ̀. Òun ló ń fọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Du, ẹ lọ bèèrè.”

Mo ní kì í ṣe ìdọ̀tí tirẹ̀. Mo rán an létí abọ́ náà, mo rán an létí ìbọ̀wọ́ tó ń ti ibùsùn dé ibùsùn, àti àpò ìtọ̀ tí wọ́n fi omi mai ruwa ṣan. Mo ní ìdọ̀tí wọn ni, orí tirẹ̀ ni wọ́n dà á sí. Ìyá wa ń fi ọwọ́ pa itan ara rẹ̀.

“Ibà tí mo sọ fún dókítà yẹn ńkọ́?”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́.”

Ó mi orí, kì í ṣe pé ó gbà, àmọ́ ó gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá àgbà kan tí wọ́n jọ ń tajà nígbà kan wá láti Naraguta. Ó jókòó, ó nu omijé nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: ọ̀nà burú, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

Ìyá wa kò ṣe àmín. Ó ní, “Ọ̀nà kọ́. Ìdọ̀tí ni. Kì í sì í ṣe tiẹ̀.”

Obìnrin náà kọjú sí mi, ó bi mí bóyá ọ̀fọ̀ ló ń mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ohun tí kò yẹ. Mo ní bí ìyá wa ṣe sọ ọ́ ni ó rí. Ó wá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ìyá wa, ó ní kí ó sọ ọ́ kí òun gbọ́. Ìyá wa tún ìborùn rẹ̀ wé, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí rọ́bà:

“Ọ̀nà tí omi ń gbà jáde ni kòkòrò lè gbà wọlé…”